Ẹ̀rọ lè sọ ẹni tó dákẹ́, olùkọ́ ló máa béèrè ìdí



Ẹ fojú inú wo kíláàsì kan ní fásitì ìjọba ní Nàìjíríà. Akẹ́kọ̀ọ́ 400 ló forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì náà, gbọ̀ngàn tí wọ́n ń lò kò sì gbà ju èèyàn 250 lọ. Àwọn tó tètè dé ti jókòó, àwọn kan dúró sẹ́nu ọ̀nà, àwọn mìíràn ń gbọ́ ẹ̀kọ́ láti ojú fèrèsé.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀kan nínú wọn kò wá mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, kò fi iṣẹ́ tí olùkọ́ ní kí wọ́n ṣe ránṣẹ́. Lórí WhatsApp kíláàsì, níbi tó ti máa ń dá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́rìn-ín, kò sọ nǹkan kan mọ́.

Ta ló máa mọ̀?

Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ títí ìdánwò fi máa dé. Wọ́n á wá kọ ọ́ síwájú orúkọ rẹ̀ pé kò wá. Kò sẹ́ni tó máa kọ ìdí tí kò fi wá.

Ohun tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé nìyẹn. Àwọn fásitì ń kọ́ olùkọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ ìgbàlódé láti kọ́ni. Láyè ọ̀tọ̀, bí ààyè bá sì wà, wọ́n á tún pè wọ́n láti wá gbọ́ ìwàásù nípa ìlera ọpọlọ akẹ́kọ̀ọ́. Àṣìṣe ni láti ya méjèèjì nípá. Ẹ̀rọ lè fi ẹni tó ti dákẹ́ han olùkọ́, àmọ́ ẹ̀rọ kò lè pe ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan kó bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Ta ló kọ́ olùkọ́ fásitì bí a ṣe ń kọ́ni?

Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà ní kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí NCE, ó kéré tán. Ó gbọ́dọ̀ ti kọ́ bí ọmọ ṣe ń ronú, bí a ṣe ń ṣètò ẹ̀kọ́, àti bí a ṣe ń mọ ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá.

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ ní fásitì. PhD ni wọ́n ń béèrè, ìwádìí sì ni PhD fi ń kọ́ni. Ẹni tó bá jáde níbẹ̀ lè tú kẹ́míkà sí wẹ́wẹ́, ó lè túmọ̀ òfin, ó sì lè ka ìtàn ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn láti inú ìwé tó ti gbó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò tíì jókòó fún ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo rí láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni. Bí olùkọ́ wọn ṣe dúró níwájú wọn ni àwọn náà ṣe ń dúró.

Kì í ṣe pé kò sí ìgbìyànjú. Àjọ TETFund máa ń sanwó fún àwọn olùkọ́ láti lọ kàwé sí i àti láti lọ sí àpérò. Ètò kan tún wà tí wọ́n ń pè ní PedaL, tí àjọ PASGR tó wà ní Nairobi ń darí, tí Fásitì Ìbàdàn àti Fásitì Ghana sì wà lára àwọn tó jọ gbé e kalẹ̀. Èrò wọn ni kí olùkọ́ yé dúró níwájú kó máa ka ìwé fún akẹ́kọ̀ọ́ dà kọ, kí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ lè máa kópa nínú ẹ̀kọ́.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló mọ irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kejì dáadáa. Wọ́n á pe gbogbo èèyàn jọ fún ọjọ́ méjì, wọ́n á fi ibi tí wọ́n ń tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà hàn wọ́n. Wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á pín ìwé ẹ̀rí, wọ́n á jẹ ìrẹsì, oníkálukú á sì gba ilé rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí ẹ̀rọ náà máa ṣe fún ọmọ tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn.

Kí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí ti là kọjá?

Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, àrùn Korona ti gbogbo ilé ẹ̀kọ́ pa. Ní oṣù kan náà ni ẹgbẹ́ olùkọ́ fásitì, ASUU, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tí kò parí títí di oṣù Kejìlá. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2022, ìyanṣẹ́lódì mìíràn tún bẹ̀rẹ̀, oṣù mẹ́jọ gbáko ló sì gbà.

Ẹ ṣírò rẹ̀. Ọmọ tó wọlé fún kọ́ọ̀sì ọdún mẹ́rin kí àrùn náà tó dé lo nǹkan bí oṣù 17 nílé láì ṣí ìwé nínú kíláàsì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó lọ sí fásitì aládàáni ti jáde, wọ́n ti sin ilẹ̀ bàbá wọn. Òbí ń béèrè pé ìgbà wo lo máa ṣetán. Owó ilé ń lé sí i, owó oúnjẹ ń lé sí i.

Láàrin àwọn ọ̀dọ́ lágbàáyé, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé èèyàn tó lé ní 700,000 ló ń gbẹ̀mí ara wọn lọ́dọọdún. Ó wà lára ohun mẹ́ta àkọ́kọ́ tó ń pa àwọn tó wà láàrin ọdún 15 sí 29. Ọjọ́ orí àwọn tó ń jókòó sí kíláàsì fásitì gan-an nìyẹn.

Kì í ṣe gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó bá dákẹ́ ló ń ro irú èrò bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé owó ọkọ̀ ni kò ní. Ó lè jẹ́ pé ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, ó sì ń jókòó tì í ní ọsibítù. Ó lè jẹ́ pé fóònù rẹ̀ ló bàjẹ́. Olùkọ́ kò lè mọ èyí tó jẹ́ àfi tó bá béèrè.

Ohun tí ẹ̀rọ lè rí

Lónìí, ọ̀pọ̀ fásitì ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló ń lo pèpéle ẹ̀kọ́ orí ayélujára. Moodle, tó jáde ní ọdún 2002, kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Fásitì Ghana ní Legon ń lo Sakai. Àwọn mìíràn ń lo Google Classroom. Àmọ́ níbi tí kò bá sí ọ̀kankan nínú wọn, WhatsApp ni kíláàsì, aṣojú kíláàsì ló sì ń bá olùkọ́ pín iṣẹ́ kiri.

Olùkọ́ tó bá ṣí Moodle lè rí ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan wọlé kẹ́yìn. Ó lè rí ẹni tí kò ṣí ìwé ọ̀sẹ̀ yìí àti ẹni tí kò fi iṣẹ́ méjì ránṣẹ́ léraléra. Nínú kíláàsì 400, kò sí ojú èèyàn tó lè ka gbogbo èyí. Ẹ̀rọ lè kà á láàrin ìṣẹ́jú kan.

Ibí yìí ló yẹ kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n kọ́ olùkọ́ láti máa wo àkójọ náà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ó mú orúkọ mẹ́wàá tó ti pòórá, kí ó sì ní ohun tó máa ṣe sí i. Bí wọn kò bá kọ́ ọ ní ohun tó máa ṣe, àkójọ lásán ni.

Àwọn tó dá ilé ẹ̀kọ́ orí ayélujára sílẹ̀ gan-an mọ̀ pé ẹ̀rọ nìkan kò tó. Nígbà tí Senegal dá fásitì orí ayélujára rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2013, nítorí pé àwọn ọmọ tó yege ìdánwò àṣekágbá girama ti pọ̀ ju àyè tó wà lọ, wọn kò fi akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà nìkan. Wọ́n kọ́ àwọn ibùdó sí oríṣiríṣi agbègbè orílẹ̀èdè náà, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lè rí íntánẹ́ẹ̀tì lò, tí á sì tún rí ojú èèyàn. Ní Nàìjíríà, NOUN tó ń kọ́ni láti ọ̀nà jíjìn náà ní ibùdó káàkiri àwọn ìpínlẹ̀, àwọn agbaninímọ̀ràn sì wà níbẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Bí fásitì tí kò ní kíláàsì bá mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ nílò èèyàn, kí ló dé tí fásitì tó ní kíláàsì yóò fi gbàgbé?

Wò, gbọ́, so pọ̀

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ á sọ pé, "Èmi kì í ṣe dókítà ọpọlọ. Físíìsì ni mò ń kọ́ wọn." Òótọ́ ni. Kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n di dókítà.

Ní ọdún 2011, WHO àti àwọn alábàáṣiṣẹ́pọ̀ rẹ̀ gbé ìwé ìtọ́sọ́nà kan jáde lórí bí ẹni tí kì í ṣe oníṣègùn ṣe lè ran ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú lọ́wọ́. Àwọn tó ń ṣèrànwọ́ lẹ́yìn àjálù ni wọ́n kọ ọ́ fún, àmọ́ ohun mẹ́ta tó ní kí wọ́n ṣe bá ọ́fíìsì olùkọ́ mu pẹ̀lú: wò, gbọ́, so pọ̀.

Wò: ṣàkíyèsí ìyípadà. Ọmọ tó máa ń jókòó níwájú ti wá ń jókòó lẹ́yìn pátápátá. Ẹni tó ń gba máàkì 70 ti wá ń gba 30. Ẹni tó ń múra dáadáa kò bìkítà mọ́. Ohun tó wà lórí ẹ̀rọ wà lára èyí pẹ̀lú.

Gbọ́: pe ọmọ náà ní ìkọ̀kọ̀, kì í ṣe lójú kíláàsì. Irú ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wáyé kò gùn:

"Mo ṣàkíyèsí pé mi ò rí ẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, o ò sì fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Ìwà ẹ kọ́ nìyẹn. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí nǹkan, sà."

"Ó dáa. Mi ò pè ẹ́ láti bá ẹ wí. Tó bá wù ẹ́ láti sọ̀rọ̀, mo wà níbí di aago mẹ́rin."

Lẹ́yìn náà, kí olùkọ́ dákẹ́. Ibi tó le jù lọ nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn, nítorí pé ọ̀rọ̀ sísọ ni iṣẹ́ olùkọ́. Kó má ṣe sọ pé, "Ìgbà tiwa, ẹsẹ̀ la fi ń rìn lọ síléèwé." Kó má ṣe sọ pé, "Lọ gbàdúrà, ọ̀rọ̀ tán." Àdúrà dára, àmọ́ ẹni tí wọ́n fi àdúrà lé jáde ní ọ́fíìsì kò ní padà wá mọ́.

Bí ohun tí ọmọ náà sọ bá dẹ́rù bani, kí olùkọ́ béèrè tààrà bóyá ó ń ro láti gbẹ̀mí ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rù pé ìbéèrè náà lè gbin èrò sí ọmọ lọ́kàn. WHO ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tí wọ́n fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè máa ń jẹ́ kí ara tu ẹni náà, ó sì ń jẹ́ kó mọ̀ pé òun lè sọ ọ́. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí olùkọ́ má ṣe fi í sílẹ̀ lóun nìkan títí ìrànlọ́wọ́ fi máa dé.

So pọ̀: olùkọ́ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó máa fà á lé lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ àìsàn ni, ilé ìwòsàn fásitì. Bó bá jẹ́ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ẹ̀ka ìgbaninímọ̀ràn. Bó bá jẹ́ owó iléèwé, àjọ ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́, NELFUND, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìwé ìbéèrè ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ń san owó náà fún ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tààrà, ó sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní owó oúnjẹ. Kí olùkọ́ pe ẹni tó wà níbẹ̀ sórí fóònù lójú ọmọ náà. "Lọ rí wọn" nìkan kò tó.

Ìdí tí wọn kì í fi í sọ̀rọ̀

Ìtìjú wà níbẹ̀. Ẹ̀rù òfin náà wà níbẹ̀. Abala 327 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tó wá láti ìgbà ìjọba amúnisìn ka ẹni tó gbìyànjú láti gbẹ̀mí ara rẹ̀ sí ọ̀daràn tó lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún kan. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó yàtọ̀: ilé ìwòsàn ló ní kí ilé ẹjọ́ rán irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Ghana, ilé aṣòfin yí òfin tiwọn padà ní ọdún 2023 kí ó lè di ọ̀rọ̀ ìlera. Ní Nàìjíríà, òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2023 gba ipò òfin àtijọ́ tó ń pe aláìsàn ní wèrè.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì ṣàjèjì sí fásitì wa. Thomas Adeoye Lambo, oníṣègùn ọpọlọ tó jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta, ló jẹ́ ọ̀gá àgbà Fásitì Ìbàdàn láàrin ọdún 1968 sí 1971. Kó tó dé ibẹ̀, ní Aro lọ́dún 1954, ó ti fi àwọn aláìsàn sílé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká. Wọ́n ń jẹun pẹ̀lú wọn, wọ́n ń bá wọn lọ sóko, wọ́n sì ń gba ìtọ́jú dókítà. Ó mọ̀ pé oògùn nìkan kọ́ ló ń wo ọkàn tó dàrú, àwọn tó yí èèyàn ká wà lára ìtọ́jú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kúrò nílé, àwọn ará ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni abúlé rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ bá di wàhálà

Olùkọ́ tó fi gbèdéke iṣẹ́ sí aago 11:59 òru kò ní in lọ́kàn láti fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ọmọ tí kò sí iná ní họ́sítẹ́ẹ̀lì rẹ̀, tí dátà rẹ̀ sì ti tán, yóò jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lóru láti wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kò ní nira fún olùkọ́. Fídíò wákàtí kan ń jẹ dátà púpọ̀, ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ pẹ̀lú ojú ìwé díẹ̀ kò jẹ tó bẹ́ẹ̀.

Èsì ìdánwò tí wọ́n lẹ̀ mọ́ orí WhatsApp pẹ̀lú orúkọ gbogbo kíláàsì, ìtìjú ló ń dá sílẹ̀. Olùkọ́ tó ya fọ́tò àtẹ̀jíṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ àìsàn rẹ̀, tó sì fi ránṣẹ́ sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ti tú àṣírí síta. Òfin ìdáàbòbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera èèyàn sí ohun tó nílò ààbò tó ga.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ChatGPT. Láti ìgbà tó ti dé ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ń lo ẹ̀rọ tó ń sọ pé òun lè dá iṣẹ́ tí ẹ̀rọ kọ mọ̀. OpenAI, ilé iṣẹ́ tó ṣe ChatGPT gan-an, yọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀ kúrò ní oṣù Keje ọdún 2023 nítorí pé kò péye tó. Ní ọdún yẹn kan náà, àwọn onímọ̀ ní Fásitì Stanford fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ méje ka àròkọ tí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn fọwọ́ ara wọn kọ. Ní ìpíndọ́gba, lé ní ìdajì àwọn àròkọ náà ni wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ẹ̀rọ ló kọ ọ́.

Èwo nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ni Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè tó mu lọ́yàn? Ọmọ tí wọ́n pè ní olè lórí iṣẹ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ọgbẹ́ ọkàn rẹ̀ kì í tètè jinná. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó dára yóò kọ́ olùkọ́ láti pe ọmọ náà jókòó kó ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́nu. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó láti mọ òótọ́.

Olùkọ́ náà, èèyàn ni

Kò ní í bójú mu láti di gbogbo ẹrù yìí lé olùkọ́ lórí láì sọ ti olùkọ́ fúnra rẹ̀. Lákòókò ìyanṣẹ́lódì ọdún 2022, ìjọba dá owó oṣù wọn dúró. Ọ̀pọ̀ ti kó lọ sókè òkun, àwọn tó kù ń ṣe iṣẹ́ ẹni méjì. Ẹni tó ní ìwé ìdánwò 400 láti máàkì, tó sì ń ronú owó ilé, kò lè gbọ́ ẹdùn ọkàn gbogbo èèyàn.

Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà jẹ́ ìwàásù. Kí wọ́n ka wákàtí tí olùkọ́ fi ń gbọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ nígbà ìgbéga, bí wọ́n ṣe ń ka ìwé tó kọ. Kí wọ́n fún un ní nọ́ńbà fóònù kan tó dájú pé wọ́n máa gbé. Kí òun náà rí agbaninímọ̀ràn tó lè lọ bá. Kí wọ́n sì padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta láti béèrè ohun tó ṣiṣẹ́ àti ohun tí kò ṣiṣẹ́, nítorí pé ọjọ́ méjì kò yí ìwà padà.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ àti olùkọ́ rí. Ẹ̀rọ lè ka orúkọ 400 láì rẹ̀ ẹ́, àmọ́ kò lè gbọ́ ohùn tó ń gbọ̀n. Olùkọ́ lè gbọ́ ohùn náà, àmọ́ ojú rẹ̀ kò lè ká 400.

Ẹ padà sí gbọ̀ngàn tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta ti pé, orúkọ kan ti dákẹ́. Olùkọ́ tó ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó yẹ yóò rí i lórí ẹ̀rọ lọ́jọ́ Ẹtì, yóò sì tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ kúkúrú kan sí ọmọ náà nìkan: "Mi ò rí ẹ ní kíláàsì. Ṣé àlàáfíà ni?" Kò gba ìṣẹ́jú kan. Ó lè jẹ́ pé òun nìkan ló máa béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn.